Irin Tó Dípẹtà Kò Tíì Kú: Ìtàn Ẹ́ńjìnnì Mẹ́rin

 

Ní abúlé kan tí mo ti ń kọ́ àwọn àgbà ní ìwé, ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo. Nígbà tí wọ́n rà á, gbogbo ìlú ló jó. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ẹ̀rọ náà dákẹ́. Koríko bò ó, adìẹ sì ń yé ẹyin sí abẹ́ rẹ̀. Mo bi ìyá kan nínú kíláàsì wa pé, "Ìyá, kí ló ṣe ẹ̀rọ yìí?" Ó ní, "Ọmọ mi, ó ti kú." Mo ní, "Kí ló pa á?" Ìyá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Gbogbo wa la ni ín. Kò sẹ́ni tó ń tọ́jú rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ ìyá yìí kò kúrò lọ́kàn mi. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ sọ ìtàn ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú irin mẹ́rin fún yín. Wọn kì í ṣe ti ilẹ̀ wa. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti rọ wọ́n, Mẹ́síkò ni wọ́n ti lo agbára ìgbà èwe wọn. Nígbà tó yá, àwọn èèyàn wò wọ́n, wọ́n ní wọ́n ti kú. Ṣùgbọ́n wọn kò kú. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó jí wọn, àti ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n tún sùn.

ẸRANKO IRIN TÓ Ń MU OMI

Láyé ìsinsìnyí, epo dísẹ́ẹ̀lì tàbí iná mànàmáná ló ń fa ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú irin. Láyé àtijọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Iná àti omi ló ń fà á. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwọn baba wa. Ní ọdún 1913, ojú irin láti Àjàṣẹ́ ti dé Pobè. Ní ọdún 1936, èyí tó ti Kútọnu wá dé Parakú.

Báwo ni omi ṣe lè fa ọkọ̀? Ẹ̀yin ìyá wa mọ ìdáhùn náà. Bí ẹ bá gbé ìkòkò kaná, tí ẹ dé ìdérí lé e, kí ni ìdérí ń ṣe nígbà tí omi bá hó? Ó ń mì, ó ń fò sókè. Ooru omi ló ń tì í. Bí omi bá di ooru, ó ń fẹ̀ gidigidi. Omi ife 1 lè di ooru tó máa kún ife tó lé ní 1,600. Bí ìdérí bá le, tí ooru kò rọ́nà jáde, agbára rẹ̀ ń pọ̀ sí i.

Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ jẹ́ àgbá irin ńlá tó dùbúlẹ̀. Iná wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, nínú yàrá irin kan. Láti ibẹ̀, èéfín gbígbóná ń gba inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀pá oníhò kọjá. Omi yí àwọn ọ̀pá náà ká, ìdí nìyẹn tí ó fi ń tètè hó. Ooru a wá kóra jọ sókè àgbá. Awakọ̀ a ṣí ọ̀nà fún un, ooru a sáré lọ ti irin kan tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú ihò gígùn. Irin yìí ló ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀.

Nígbà tí ooru bá parí iṣẹ́ rẹ̀, a gba ẹnu ọ̀nà èéfín jáde: fù, fù, fù. Bó ṣe ń jáde ló ń fa afẹ́fẹ́ tuntun wọ inú iná. Ẹ̀yin alágbẹ̀dẹ, ẹ gbọ́ o: ẹ́ńjìnnì yìí ni ó ń fín ewìrì fún ara rẹ̀. Bó bá ṣe ń ṣiṣẹ́ tó ni iná rẹ̀ ń le tó.

ILẸ̀ OKÙN

Ilé iṣẹ́ Baldwin, ní ìlú Filadẹ́fíà ní Amẹ́ríkà, ló rọ ẹ́ńjìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Láàárín ọdún tó lé ní ọgọ́rùn-ún, ẹ́ńjìnnì tí ilé iṣẹ́ yìí ṣe lé ní 70,000. Ó ṣe ọ̀kan nínú mẹ́rin tiwa ní ọdún 1916, ó ṣe méjì ní 1925, ó sì ṣe ọ̀kan ní 1928. Àwọn méjì ti 1925 jẹ́ ìbejì. Nọ́ńbà wọn tẹ̀ lé ara wọn: 58444 àti 58445. Táyélolú àti Kẹ́hìndé ni wọ́n.

Wọ́n kó wọn lọ sí Yucatán, ilẹ̀ kan ní ìlà oòrùn Mẹ́síkò tí òkun yí ká lọ́nà mẹ́ta. Ilẹ̀ náà gbẹ, òkúta pọ̀ nínú rẹ̀. Àgbàdo kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe dáadáa níbẹ̀, ṣùgbọ́n igi kan wà tó fẹ́ràn ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Henequen ni wọ́n ń pè é. Ewé rẹ̀ gùn, ó nípọn, ó sì ní ẹ̀gún. Bí wọ́n bá bó ewé náà, okùn líle wà nínú rẹ̀. Okùn yìí ni àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà fi ń di ọkà àlìkámà wọn nígbà ìkórè. Owó tó ń wọlé láti ara rẹ̀ pọ̀ débi pé wọ́n ń pè é ní wúrà aláwọ̀ ewé.

Ta ló jẹ wúrà yìí? Àwọn olóko ńlá ni. Àwọn Maya, ọmọ onílẹ̀, ni wọ́n ń gé ewé náà nínú oòrùn. Ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ olóko ní gbèsè, wọn kò sì lè kúrò lóko títí wọn ó fi san án. Gbèsè náà kì í sì í tán. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ìtàn ìwọ̀fà lẹ́nu àwọn àgbà, ọ̀rọ̀ yìí yé yín. Lẹ́yìn ìjà ńlá tó bẹ́ sílẹ̀ ní Mẹ́síkò ní 1910 ni òpin bẹ̀rẹ̀ sí í dé bá a. Nígbà tí 1915 fi máa parí, ìjọba Yucatán ti fòfin de irú gbèsè bẹ́ẹ̀.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n rọ èyí tó dàgbà jù nínú ẹ́ńjìnnì mẹ́rin wa. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi fa okùn, wọ́n fa ẹrù, wọ́n sì fa èrò. Ojú irin wọn kò fẹ̀. Láti irin kan sí èkejì kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 91 lọ. Ó fi díẹ̀ kéré sí ojú irin Parakú, tí tirẹ̀ jẹ́ mítà 1. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí òun ló gbà wọ́n là.

Nígbà tó yá, ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì dé. Òun kò nílò ẹni tí yóò dá iná láti òwúrọ̀. Okùn tí wọ́n ń fi rọ́bà àti epo rọ̀bì ṣe náà dé, ọjà henequen wá lọ sílẹ̀. Wọ́n ti àwọn ẹ́ńjìnnì olómi sí ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ ní ìlú Mérida. Wọ́n dúró síbẹ̀ nínú òjò àti oòrùn, wọ́n sì ń dípẹtà.

ỌKÙNRIN TÓ FẸ́RÀN ỌKỌ̀ OJÚ IRIN

Ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Walt Disney. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe àwòrán eku tó ń rìn, tó ń sọ̀rọ̀, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Mickey Mouse. Nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 15, ní 1917, ó ń ta ìwé ìròyìn àti ohun jíjẹ fún èrò nínú ọkọ̀ ojú irin. Láti ìgbà náà ni ìfẹ́ ọkọ̀ yìí ti wọ̀ ọ́ lára.

Nígbà tó di olówó, ó fẹ́ ṣe ọkọ̀ ojú irin kékeré sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ẹnì kan wà tó ń jẹ́ Roger Broggie. Ó jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ irin. Kí ni Disney ṣe? Kò kàn fi owó lélẹ̀ kó lọ jókòó. Ó lọ sí ilé iṣẹ́ Broggie, ó ní kí wọ́n kọ́ òun. Olówó di ọmọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ kékeré náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní 1950. Ó sọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní Lilly Belle, nítorí Lillian ni ìyàwó rẹ̀ ń jẹ́.

Ní ọdún 1955, ó ṣí ọgbà ìgbafẹ́ ńlá kan sí Kalifọ́níà, ó sì fi ọkọ̀ ojú irin yí i ká. Ẹ́ńjìnnì méjì àkọ́kọ́, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n nílò ẹ̀kẹta, wọ́n lọ wá èyí tó ti gbó. Ọdún 1894 ni ilé iṣẹ́ Baldwin ti ṣe é. Ó ti fa ìrèké ní Lùísíánà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n tún un ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò nínú ọgbà náà ní 1958. Báyìí ni wọ́n ṣe kọ́ pé irin tó ti dàgbà ṣì lè wúlò.

Disney tún fẹ́ kọ́ ọgbà kejì sí Flọ́rídà. Ṣùgbọ́n ó kú ní oṣù Kejìlá ọdún 1966, kí wọ́n tó kọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Roy, ti fẹ́ fẹ̀yìn tì. Ó sún un síwájú nítorí àbúrò rẹ̀. Ó ní iṣẹ́ náà kò ní dúró.

WỌ́N LỌ RA IRIN ÀLÒKÙ

Ọgbà tuntun nílò ẹ́ńjìnnì. Ojú irin tí wọ́n fẹ́ tẹ́ síbẹ̀, ìwọ̀n kan náà ló ní pẹ̀lú ti Yucatán. Ẹ ti rí i báyìí pé sẹ̀ǹtímítà 91 yẹn ló gba àwọn arúgbó wọ̀nyí là. Ní ọdún 1969, Roger Broggie àti ẹnì kejì rẹ̀, Earl Vilmer, lọ sí Mérida. Wọ́n wo àwọn irin tó wà nílẹ̀. Wọ́n ra ẹ́ńjìnnì mẹ́rin wa, wọ́n sì san 8,000 dọ́là lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yóò ní wọ́n ti fi owó ṣòfò. Igi ara wọn ti jẹrà. Páànù ti lu. Ṣùgbọ́n Broggie mọ ohun tó ń wò. Oníṣègùn kì í fi aṣọ wo aláìsàn. Ó wo egungun wọn, ìyẹn irin ńlá abẹ́ ọkọ̀. Ó wo ẹsẹ̀ wọn. Ó rí i pé ohun tó nípọn ṣì le. Ohun tó fúyẹ́ ló bàjẹ́, ohun tó fúyẹ́ sì ṣeé pààrọ̀.

Nǹkan kan tún wà lára wọn: àwo irin tí wọ́n kọ orúkọ ilé iṣẹ́, nọ́ńbà àti ọdún sí. Ẹ́ńjìnnì kò lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n àwo yìí ń sọ̀rọ̀ fún un. Ó ń sọ pé, "Filadẹ́fíà ni wọ́n ti bí mi, ọdún báyìí ni." Ẹni tó bá lè kà á lè wá àwòrán iṣẹ́ tí wọ́n fi rọ ọ́. Ẹ̀yin ará, ẹ rí iṣẹ́ ìwé. Ó lè dúró lára irin fún ogójì ọdún, kí ó máa retí ẹni tí yóò kà á.

Ìlú Tampa ní Flọ́rídà ni wọ́n kó wọn lọ, sí ilé iṣẹ́ kan tó ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe. Ìdí rẹ̀ rọrùn. Ẹni tó ń tún ọkọ̀ òkun ṣe mọ àgbá omi, ó mọ páànù tó nípọn, ó sì ní ẹ̀rọ tó lè gbé ohun wúwo. Wọ́n tú ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan palẹ̀. Ohun tó ṣì dára, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ohun tó ti jẹrà, wọ́n rọ tuntun rọ́pò rẹ̀. Wọ́n wá kùn wọ́n ní pupa, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ wúrà, wọ́n sì ṣe ìmúra wọn bíi ti ẹ́ńjìnnì ìgbà àtijọ́ pátápátá.

Wọ́n ṣí ọgbà náà ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá, 1971. Roy Disney fi ojú rẹ̀ rí i. Ó kú ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà.

Ẹ wo orúkọ tí wọ́n sọ àwọn ẹ́ńjìnnì náà. Ẹ̀kíní ń jẹ́ Walter E. Disney. Ẹ̀kejì ń jẹ́ Lilly Belle, orúkọ ìyàwó. Ẹ̀kẹrin ń jẹ́ Roy O. Disney, orúkọ ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀kẹta ńkọ́? Roger E. Broggie ni. Òṣìṣẹ́ tó ní epo lọ́wọ́, orúkọ rẹ̀ wà lára irin bíi ti olówó. Òun àti ti Walter sì ni ìbejì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Èyí wù mí púpọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ló ń rántí ẹni tó ra nǹkan, wọ́n ń gbàgbé ẹni tí kò jẹ́ kó bàjẹ́.

IṢẸ́ TÍ KÌ Í TÁN

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Àtúnṣe ńlá rọrùn ju ìtọ́jú ojoojúmọ́ lọ, nítorí àtúnṣe ní òpin. Ìtọ́jú kò ní òpin.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, kí èrò kankan tó dé, àwọn òṣìṣẹ́ ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí yóò dá iná kì í kọ́kọ́ dá iná. Omi ni ó kọ́kọ́ ń wò. Gíláàsì gígùn kan wà lára àgbá tó ń fi hàn bí omi inú rẹ̀ ṣe ga tó. Bí omi kò bá tó, kò gbọdọ̀ sí iná. Lẹ́yìn èyí, a dá iná díẹ̀díẹ̀. Irin tó bá gbóná ń gùn sí i. Bí apá kan bá gbóná tí apá kejì ṣì tutù, irin yóò ya. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Nígbà tí omi bá ń gbóná, ẹlòmíràn a gbé agolo epo. A yí ẹ́ńjìnnì ká, a ta epo sí gbogbo oríkèé rẹ̀. Oríkèé kan tí ó bá gbàgbé lè jó kí ọ̀sán tó pọ́n. Nígbà tí ọkọ̀ bá dúró fún èrò, awakọ̀ tó mọṣẹ́ a fi ọwọ́ kan ibi tí irin ti ń yí lórí irin. Bó bá gbóná jù, ó mọ̀ pé nǹkan kan fẹ́ ṣẹlẹ̀. Yíyíká ọgbà náà jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 2 àti ààbọ̀. Ọ̀nà náà kò jìn, ṣùgbọ́n wọ́n ń rìn ín lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ọjọ́ kan.

Ọ̀tá méjì ni ẹ́ńjìnnì yìí ní. Ẹ̀kíní ni ìpẹtà. Ẹ̀kejì wà nínú omi fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, ẹ wo inú ìkòkò tí ẹ ti fi ń se omi kànga fún ìgbà pípẹ́. Nǹkan funfun kan ń lẹ̀ mọ́ ọn nínú, ó le bí òkúta. Omi ló gbé e wá láti inú ilẹ̀. Nínú àgbá ẹ́ńjìnnì, nǹkan yìí ń lẹ̀ mọ́ irin tí iná ń jó. Kì í jẹ́ kí omi tu irin lára, irin a sì máa gbóná kọjá ààlà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń da oògùn sí omi rẹ̀, tí wọ́n sì máa ń jẹ́ kí àgbá tutù, kí wọ́n ṣí gbogbo ìdérí ara rẹ̀, kí wọ́n sì fi omi alágbára fọ inú rẹ̀. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà ń jẹ. Òrùka irin nípọn kan wà lórí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, òun ló ń kan ojú irin. Bó bá jẹ tán, wọ́n á gbé òrùka tuntun sínú iná títí yóò fi gbóná, tí yóò sì fẹ̀. Wọ́n á fi í bọ ẹsẹ̀ náà. Bó bá tutù, yóò súnkì, yóò sì di ẹsẹ̀ mú gírígírí. Kò sí bóòtù, kò sí ìṣó. Ẹ sọ èyí fún alágbẹ̀dẹ ìlú yín, ẹ ó rí i pé yóò mi orí.

Iná wọn náà ti yí padà. Epo dísẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń jó lábẹ́ omi àwọn ẹ́ńjìnnì ti Flọ́rídà. Ní ọgbà ti Kalifọ́níà, láti 2009 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo epo tí wọ́n ti fi dín oúnjẹ tán ní ilé ìdáná ọgbà náà. Wọ́n ń sẹ́ ẹ, wọ́n ń tún un ṣe, wọ́n wá ń fi í se omi. Epo tó dín oúnjẹ fún èrò ló tún ń gbé èrò yíká.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ GETTYSBURG

Ẹnì kan lè bèèrè pé, kí ló dé tí wọ́n ń ṣe wàhálà tó báyìí lórí ohun ìgbafẹ́? Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ibòmíràn.

Ní ìlú Gettysburg, ní ìpínlẹ̀ Pẹnsilféníà, ọkọ̀ ojú irin olómi kan wà tó ń gbé àwọn arìnrìn-àjò afẹ́. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà, 1995, ọkọ̀ náà wà lẹ́nu ìrìn. Omi inú àgbá rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù, àwọn òṣìṣẹ́ kò sì mọ̀. Páànù irin tó wà lórí iná gbẹ. Iná sọ ọ́ di rírọ̀. Ooru inú àgbá tì í títí ó fi ya, ooru àti iná sì tú jáde sí ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ dúró sí. Ó jó òṣìṣẹ́ 3 lára. Ara ọ̀kan nínú wọn bó gidigidi. Kò sí ẹni tó kú.

Àwọn aṣèwádìí ìjọba wá. Wọ́n rí i pé nǹkan funfun inú omi ti ń dí ibi tí wọ́n fi ń wo omi. Wọn kì í fọ àgbá náà dáadáa. Àwọn òṣìṣẹ́ kò sì gba ẹ̀kọ́ tó. Wọ́n tún rí ohun kan tó yani lẹ́nu. Ẹni tó ya àwòrán ẹ́ńjìnnì náà ti rò ó tẹ́lẹ̀ pé irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ lè dé. Ó ṣe àwọn ọ̀pá tó di páànù náà mú lọ́nà tí gbogbo rẹ̀ kò fi ní já lẹ́ẹ̀kan náà. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ìbá burú ju báyẹn lọ. Ọgbọ́n àgbà kan tí wọn kò mọ̀ rí ló gbà wọ́n.

Lẹ́yìn èyí, ìjọba Amẹ́ríkà tún òfin ẹ́ńjìnnì olómi kọ. Ẹ́ńjìnnì tó bá wà lábẹ́ òfin yìí, wọ́n gbọdọ̀ ka iye ọjọ́ tó fi ṣiṣẹ́. Bó bá ti pé ọjọ́ iṣẹ́ 1,472, tàbí tó pé ọdún 15, èyí tó bá ṣáájú, wọ́n gbọdọ̀ tú u palẹ̀, kí wọ́n yẹ irin rẹ̀ wò nínú àti lóde, kí wọ́n wọn bó ṣe nípọn tó. Báwo ni èèyàn ṣe lè mọ̀ pé ọjọ́ 1,472 ti pé? Kò sí orí tó lè há a. Ìwé nìkan ló lè mọ̀ ọ́n.

ILÉ IṢẸ́ KÚ, IṢẸ́ KÒ KÚ

Ìṣòro kan ṣẹ́ kù. Ilé iṣẹ́ Baldwin dáwọ́ ẹ́ńjìnnì ṣíṣe dúró ní 1956. Kò sí ọjà tí èèyàn lè lọ láti ra ẹ̀yà ara àwọn ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí. Ohun tó bá bàjẹ́, ẹnì kan gbọdọ̀ mọ bí a ṣe ń rọ ọ́.

Nítorí náà, ìmọ̀ ọwọ́ ṣọ̀wọ́n ju irin lọ. Ní Pẹnsilféníà, ní ibi kan tó ń jẹ́ Strasburg, àwọn òṣìṣẹ́ kan wà tí wọn kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà parun. Àwọn àgbà ibẹ̀ ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí a ṣe ń gé páànù, bí a ṣe ń pààrọ̀ ọ̀pá inú àgbá, bí a ṣe ń wọn ẹsẹ̀ ọkọ̀. Nígbà tí àwọn ẹ́ńjìnnì Flọ́rídà tún nílò iṣẹ́ ńlá lẹ́yìn 2010, ibẹ̀ ni wọ́n kó àwọn kan lára wọn lọ. Filadẹ́fíà náà, ìpínlẹ̀ Pẹnsilféníà ló wà. Àwọn arúgbó wọ̀nyí ti lọ sí Mẹ́síkò, wọ́n ti dé Flọ́rídà, wọ́n wá padà sí ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti bí wọn kí wọ́n lè gba ìtọ́jú.

Ní ìparí ọdún 2018, ọkọ̀ ojú irin ọgbà náà dúró, nítorí wọ́n ń kọ́ ohun tuntun kan sí ojú ọ̀nà rẹ̀. Ó dúró fún ọdún mẹ́rin. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Èyí tó dàgbà jù nínú ẹ́ńjìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún nígbà náà.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ẹ̀rọ ìlọ-àgbàdo abúlé yẹn. Àwọn ará kíláàsì wa dá owó jọ, wọ́n pe mẹkaníìkì. Ó tú u. Ó ní ẹ̀rọ náà kò kú. Irin kan ṣoṣo ló jó nínú rẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó pààrọ̀ epo rẹ̀. Owó irin yẹn pọ̀ ju owó epo ọdún mẹ́ta lọ. Nígbà tó ṣe é tán, wọ́n ra ìwé kékeré kan, wọ́n so pẹ́ńsù mọ́ ọn, wọ́n gbé e kọ́ ara ògiri. Ẹni tó bá ta epo sí ẹ̀rọ gbọdọ̀ kọ ọjọ́ náà àti orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá tó sọ fún mi pé ẹ̀rọ ti kú ni wọ́n fi ṣe olórí ìwé náà. Lọ́jọ́ tó kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n díẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo wa ló lè kà á.

Ẹ wo ẹ̀yìn ilé yín. Bóyá ẹ̀rọ omi kan wà níbẹ̀, tàbí kẹ̀kẹ́, tàbí ẹ̀rọ ìránṣọ, tí ẹ ti ń pè ní òkú. Ẹ bèèrè ohun tó ṣe é. Ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìwé àti pẹ́ńsù.

 

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN ẸGBẸ́ ÌKÀWÉ

1. Kí ni ẹni tó ń dá iná ẹ́ńjìnnì olómi gbọdọ̀ kọ́kọ́ wò? Kí nìdí rẹ̀?
2. Báwo ni ìwọ̀n ojú irin Yucatán ṣe gba ẹ́ńjìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin là?
3. Kí ni àwọn aṣèwádìí rí ní Gettysburg?
4. Ohun wo ni gbogbo ìlú yín jùmọ̀ ní? Ta ló ń tọ́jú rẹ̀? Ǹjẹ́ ó ní ìwé? Bí kò bá ní, ẹ bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan nínú kíláàsì yín lọ́sẹ̀ yìí.